Àyájọ́ ìgbéyàwó ọdún kẹwàá: ìyàwó mi ní Ìbàdàn la ó ti lọ jẹun, Èkìtì sì lèmi

OmoEkitiKete | Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí.

Kì í ṣe Sátidé tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀lé e ló máa pé ọdún mẹ́wàá gééré tí èmi àti ìyàwó mi ti ṣègbéyàwó. Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà. Ìyá mi máa wá bá wa dúró ti àwọn ọmọ. Èrò tèmi ni pé ká wá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lẹ́kì, ká jẹun níbi tí wọ́n ti ń tan àbẹ́là sórí tábìlì, kí n wọ kóòtù tí mo rán nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi, tí mi ò tíì wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo bi ìyàwó mi pé níbo ló wù ú. Kò tiẹ̀ ronú. Ó ní, "Ìbàdàn. Ẹ mú mi lọ jẹun n'Íbàdàn fún ọjọ́ méjì. Mi ò fẹ́ dáná, mi ò fẹ́ fọ abọ́. Àmàlà ni mo fẹ́ jẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Èkìtì ni mí. Iyán la fi tọ́ mi dàgbà. Láti ọdún mẹ́wàá, bó bá ro ọkà tirẹ̀, iyán tàbí ẹ̀bà lèmi máa ń jẹ, kò sì dájà sílẹ̀ rí. Kì í ṣe pé mo kórìíra àmàlà o, àwọ̀ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ mi lè lọ síbẹ̀. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ó tutù, ó sì ní kókó. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè mi kò ju méjì lọ. Ṣé ó bójú mu kéèyàn mú ìyàwó lọ sí búkà nítorí àyájọ́ ọdún mẹ́wàá? Bó bá bójú mu, kí lèmi fẹ́ máa jẹ n'Íbàdàn fún ọjọ́ méjì?

Mesiogo | 8:31 àárọ̀

Háà! Ìbàdàn ọmọ ajòrosùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu! Ìlú tó jẹ́ pé oúnjẹ ló kún inú oríkì rẹ̀ ni Bọ̀dá Èkìtì ń bi wá bóyá àwọn á rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ọwọ́ tẹ̀ yín lónìí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ẹ ò tíì jẹ ọkà!

Bódìjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ béèrè Àmàlà Skye, ọmọdé gan-an á júwe rẹ̀ fún yín. Wọ́n ní orúkọ báńkì tó wà nítòsí ni wọ́n fi ń pè é. Báńkì náà ti di Polaris láti ọdún 2018, àmàlà kò yí orúkọ tirẹ̀ padà. Ẹ ti rí i pé àmàlà lágbára ju báńkì lọ.

Sisi_Yaba | 9:05 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dá àwọn aláwàdà lóhùn. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe eré. Búkà tí èrò tò sí bí ẹni tó fẹ́ gba owó oṣù, tí ẹni kan á dúró sẹ́yìn yín tí á máa wo àwo yín pé ẹ tètè dìde, ṣé ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ wo ojú ara yín?

Obìnrin lè sọ pé àmàlà ló wu òun kí owó ọkọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbà á gbọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò fẹ́ nǹkan kan lọ́jọ́ ìbí òun. Títí dòní, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ nílé wa.

Iya_Elelubo | 9:48 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mo ń tà, láti Ṣakí ni wọ́n ti ń gbé e wá fún mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ọmọ Èkìtì, ẹ fetí sílẹ̀. Àwọ̀ tí ẹ ń sá fún yẹn, iṣu ni. Iṣu tí ẹ fi ń gún iyán náà ni a bó, tí a bọ̀ sínú omi gbígbóná láì jẹ́ kó jinná, tí a fi sílẹ̀ mọ́jú nínú omi náà, tí a wá sá sóòrùn títí tó fi le bí igi. Bí a bá lọ̀ ọ́, kò dúdú rárá, ó máa ń rí bí eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ìgbà tí omi gbígbóná bá bá a ló ń dúdú, bí ìgbá tí ẹ gé sílẹ̀ ṣe máa ń pọ́n tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ jẹ nígbà àgùnbánirọ̀, ẹni tó rò ó ni kó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Àmàlà tó tutù kì í ṣe àmàlà mọ́.

OmoEkitiKete | 10:20 àárọ̀

Ìyá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti parí ọ̀rọ̀: iyán lóúnjẹ!

Iya_Elelubo | 10:26 àárọ̀

Ibẹ̀ yẹn lẹ máa ń dúró sí. Ẹ sọ ọ́ tán. Iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹni tí wọ́n ní oògùn rẹ̀ rèé, tó ní òun ò mu.

Reluwe_157 | 11:14 àárọ̀

Èmi ò mọ̀ nípa ọkà, ọ̀nà ni mo mọ̀. Ẹ má wa mọ́tò lọ. Ẹ ó lo àyájọ́ yín tán nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Kìlómítà 157 ni ojú irin náà láti Èkó dé Ìbàdàn (ẹ rí ibi tí mo ti mú orúkọ mi), oṣù Òkúdù ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i, ó sì máa ń gba bíi wákàtí méjì àbọ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, pàápàá fún ọjọ́ Ẹtì, torí ó máa ń tán. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Nǹkan kan ṣoṣo tí wọn kì í sọ fún àlejò: Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ Obafemi Awolowo wà, kì í ṣe àárín ìgboro. Láti ibẹ̀ dé Dùgbẹ̀ jìnnà. Ẹ dúnàá-dúrà pẹ̀lú onímíkírà (takisí Ìbàdàn) kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Egba_Lafun | 11:40 àárọ̀

Ọkọ̀ ojú irin kan náà ń dúró ní Àbẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ Wole Soyinka. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Láfún funfun là ń jẹ, kò dúdú, ọkàn yín á balẹ̀, ẹ ó sì gun Olúmọ kí oúnjẹ lè dà. Mo ti sọ tèmi.

Mesiogo | 11:43 àárọ̀

Ẹ̀gbá, jókòó. Wọn ò pè ẹ́.

Alagba_Mokola | 1:30 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú àwàdà. Ẹ jẹ́ kí n fi tàgbà sí i. Láti ọdún 1974 ni mo ti ń gbé Ìbàdàn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ibi tó tutù tẹ́ ẹ máa sùn, IITA wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí Mọ́níyà tí ọkọ̀ ojú irin á ti já yín sílẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ìwádìí nípa ohun ọ̀gbìn. Ilẹ̀ wọn tó hẹ́kítà 1,000, igbó wà níbẹ̀, adágún odò wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ilé àlejò. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, torí wọn kì í dédé ṣí géètì fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Iṣu wà lára ohun tí wọ́n ń wádìí, nítorí náà ara á tu ọmọ Èkìtì níbẹ̀.

Iyán wà n'Íbàdàn o, ta ló ní kò sí? Àmọ́ ẹ má wá a láàárọ̀. Iyán búkà kì í jáde títí ọ̀sán á fi pọ́n. Àmàlà ló máa ń kọ́kọ́ délẹ̀.

Fún ti aṣọ tábìlì funfun, èmi àti ìyá àwọn ọmọ máa ń lọ sí ilé oúnjẹ Kokodome lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣì le. Ilé náà fúnra rẹ̀, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ tán ní 1965, ẹ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ gbójú sókè. Bí ẹ bá ti yó jù, ẹ lọ gun ilé gogoro Layípo ní Òkè Àrẹ̀. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ló ń yí po tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

OmoEkitiKete | 4:02 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà (300,000) ni mo ní fún gbogbo ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì, ibùsùn, oúnjẹ. Mo ti ń rò ó pé Sisi_Yaba lè jàre. Bóyá torí kí owó má bàa lọ ni ìyàwó mi ṣe ní àmàlà. Mo ti fẹ́ yí i padà sí Lẹ́kì, kí n má sọ fún un, kó kàn rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Tokunbo_Peckham | 5:17 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má dán an wò. Àwa tí a wà nílùú ọba ń san owó gọbọi fún èlùbọ́ tó ti rìn ju èmi alára lọ, tí wọ́n á fi ewédú tó ti di yìnyín sí i. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ mú òun lọ jẹ ọkà n'Íbàdàn, kò torí owó sọ ọ́. Ó mọ ohun tó ń sọ ni.

Asake_OmoOluyole | 9:51 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé.

Èmi ni ìyàwó tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá Ìyanu, ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lórí àpéjọ yìí, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀. Mo mọ kóòtù yẹn, mo mọ ìyá tó ń bọ̀ wá bá wa tọ́jú ọmọ, mo sì mọ ẹni tó jẹ àmàlà tó ní kókó nígbà àgùnbánirọ̀ torí mo ti gbọ́ ìtàn yẹn tó ìgbà ogún.

Sisi_Yaba, ẹ ṣeun tí ẹ gbèjà mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Bàbá Ìyanu, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò dájà sílẹ̀ rí, òótọ́ ni. Èmi ni mi ò jẹ́ kó dájà. Bí mo bá ro ọkà lálẹ́, màá tún gún iyán. Ìkòkò méjì, ọbẹ̀ méjì, torí ẹ ò ní fi gbẹ̀gìrì jẹ iyán. Orógùn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ odó lọ́wọ́ òsì. Ọdún mẹ́wàá rèé.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí n jókòó, kí ẹlòmíì bu ọkà fún mi, kó gbóná, kí n má sì ní ìkòkò kejì lórí iná.

Alẹ́ Sátidé jẹ́ tiyín. Ẹ wọ kóòtù, ẹ tan àbẹ́là. Ọ̀sán Sátidé àti ti Àìkú jẹ́ tèmi. Mi ò ní fi dandan mú yín jẹ nǹkan kan. Ẹ ṣáà jókòó tì mí, ẹ má sì tẹ fóònù.

Mesiogo | 9:55 alẹ́

Ẹ fi ọdún mẹ́wàá sọ ọjọ́ 365 di púpọ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan o, ẹ kàn ṣírò ẹ̀.

Sisi_Yaba | 10:02 alẹ́

Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà pátápátá. Ẹ lọ sí búkà. Mọ̀mí Ìyanu, mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀.

OmoEkitiKete | 11:38 alẹ́

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwa méjì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Alabojuto_Apejo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:00 àárọ̀

Mo fi ìjíròrò yìí sílẹ̀ ní ṣíṣí títí wọ́n á fi dé. Bí nǹkan kan bá kù díẹ̀ káàtó nílé oúnjẹ tàbí òtẹ́ẹ̀lì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ wọn níbí. Ẹ mọ ìdí.

OmoEkitiKete | Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 7:40 àárọ̀

A ti dé o. Mo ti ṣèlérí pé màá jábọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì lọ dáadáa. Reluwe_157, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ìyàwó mi sùn láti Agége títí a fi kọjá Àbẹ́òkúta, mi ò tíì rí i kó sùn lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí Ìyanu. Mo dá owó onímíkírà ní Mọ́níyà, ó pe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, mo yọ ọ́ sí mẹ́rin. IITA la sùn sí gẹ́gẹ́ bí Alàgbà ṣe wí. A rìn lọ sétí adágún odò láàárọ̀ Sátidé, ẹyẹ ló ń ké, kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan tó ń dún. N ò ní fà á gùn.

Ọ̀sán Sátidé. Búkà kan ní Bódìjà, kì í ṣe Skye torí a ò ráyè wọlé níbẹ̀, èrò ti pọ̀ jù. Èyí tí a lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Mo béèrè iyán. Obìnrin tó ń gba owó kò gbójú sókè, ó ní, "Iyán di aago méjì." Aago méjìlá kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo ní màá dúró. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó ti wà lórí ìlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín. Ìyá tó ń bu ọkà jókòó ti kúlà ńlá kan, igbá kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, abọ́ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á ki igbá bọ omi, á fi bu ọkà, á wá gbọn igbá náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kí ọkà lè yí po nínú ẹ̀, kó tó dà á sínú àwo. Ó máa ń bọ́ síbẹ̀ róbótó bí ẹyin dúdú ńlá, èéfín á sì sọ. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá, ẹni tó wà níwájú ló ń wò, "Mélòó?" Ẹni kejì á da gbẹ̀gìrì lé e, ó pọ́n bí ìyeyè, ẹni kẹta á fi ewédú sí i, á gé e bọ́ọ́lọ́ pẹ̀lú etí ìgò... rárá, etí ṣíbí ni, ìyàwó mi ní kí n tún un ṣe. Ọbẹ̀ ata ló kẹ́yìn. Ìyàwó mi wá ń tọ́ka sí ẹran bí ẹni tó ń pín ogún: ṣàkì, ògúnfe, àbọ̀dì, pọ̀nmọ́ tó nípọn.

Ó jókòó. Ó fọwọ́. Ó gé òkèlè àkọ́kọ́, ó sì dijú.

Mo jókòó ti omi inú ike fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní tẹ fóònù. Kò sí ohun tí mo lè wò bí kò ṣe òun. Ó jẹ ẹyọ mẹ́ta, kò yára. Lẹ́ẹ̀kan ó na òkèlè kan sí mi láì sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Mo gbà á. Ó gbóná débi tí mo fi mí sínú. Kò ní kókó kankan. Ewédú ló gbé e wọlé, ó ti lọ kí n tó rántí pé mo fẹ́ gbé e mì.

Mo dìde, mo lọ tò sórí ìlà. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tó di aago méjì, ẹnì kan pariwo pé iyán ti dé. Mo ti yó.

Alẹ́ Sátidé, tèmi. Alábòójútó, mi ò ní dárúkọ. Mo ti pè wọ́n lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, mo ní tábìlì ẹni méjì ní aago méje, mo ní àyájọ́ ìgbéyàwó ni. A débẹ̀, wọ́n ti gbé tábìlì wa fún àwọn tó ń ṣọjọ́ ìbí. Wọ́n fi wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ooru á fẹ́ sí mi lẹ́yìn nínú kóòtù. Àbẹ́là wà o. Bátìrì ló ń lò. Ìyàwó mi gbé e, ó yí i padà, ó rí bọ́tìnnì nísàlẹ̀, ó pa á, ó tún tàn án. Ẹja yíyan la ní kí wọ́n gbé wá. Aago mẹ́sàn-án kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọmọkùnrin kan wá sọ fún wa pé ẹja ti tán. Inú bí mi gidi. Ìyàwó mi ti ń rẹ́rìn-ín, kò lè dúró. A san owó ohun mímu méjì, a jáde.

Sábó la lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná onísùyà nínú kóòtù àti bàtà dídán, wọ́n ń gé ẹran sórí bébà fún wa, àlùbọ́sà àti yájì lórí ẹ̀. Yájì dà sí àyà kóòtù náà. Kò tíì jáde.

Ọjọ́ Àìkú, a gun Layípo. Láti òkè, òrùlé páànù tó ti dógùn-ún ni gbogbo ìlú títí ojú á fi mọ. Lẹ́yìn náà, a tún padà sí Bódìjà. Mi ò béèrè iyán.

Mesiogo | 7:58 àárọ̀

Ẹ kú oríire! Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹyọ mélòó lẹ jẹ lọ́jọ́ Àìkú? A fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Sisi_Yaba | 8:20 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ àbẹ́là oníbátìrì yẹn ló pa mí. Èmi tí mo ní kẹ́ ẹ lọ síbi aṣọ funfun rèé. Ẹ má bínú sí mi.

Asake_OmoOluyole | 8:33 àárọ̀

Mẹ́rin ló jẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ó tún gba pọ̀nmọ́ mi.

Kò sọ fún yín pé ìgbà tí a ń kúrò ní búkà lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n dúró díẹ̀, ó wọ inú ọjà lọ. Mo rò pé iṣu ló fẹ́ rà, ọmọ Èkìtì. Kóńgò èlùbọ́ márùn-ún ló gbé jáde. Mo bi í pé ta ló máa rò ó, torí èmi wà lẹ́nu ìsinmi. Kò dáhùn.

OmoEkitiKete | 8:41 àárọ̀

Ìyá Elélùbọ́, ẹ wà níbẹ̀? Ìbéèrè kan ló kù. Báwo ni wọ́n ṣe ń rò ó tí kò fi ní ní kókó? Ìyàwó mi ní òun ò ní sọ fún mi. Báwo sì ni mo ṣe máa tọ́jú èyí tó kù tí kòkòrò ò fi ní wọ̀ ọ́?

Iya_Elelubo | 9:10 àárọ̀

Mo wà níbí, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ kọ́kọ́ fi asẹ́ sẹ́ èlùbọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí omi hó gidi, kó máa sọ. Ẹ bu díẹ̀ sápá kan nínú omi náà, ẹ ó nílò rẹ̀. Ẹ dín iná kù, ẹ da èlùbọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi orógùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ibẹ̀ ni kókó ti ń fọ́. Tó bá ti parapọ̀, ẹ fi omi gbígbóná tẹ́ ẹ bù sápá kan yẹn wọ́n ọn, ẹ dé e, kó jinná díẹ̀, ẹ tún rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Apá á dùn yín. Ẹni tí wọ́n ń gún iyán fún kò mọ bí apá ṣe ń dunni, ẹni tó ń gún un ló mọ̀.

Èyí tó kù, ẹ tún sá a sóòrùn díẹ̀, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí tó le, ẹ ju ata gbígbẹ díẹ̀ sí i.

OmoEkitiKete | 9:14 àárọ̀

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Alẹ́ òní.

Asake_OmoOluyole | 9:47 alẹ́

Kókó mẹ́ta. Mo kà á.

Ìkòkò kan ló wà lórí iná.